Iyanrìn Mókámù

Ìwé kan dé láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé,
bàtà mi ṣì tutù lẹ́nu ọ̀nà.
"Ẹ wá," ni wọ́n kọ, "lórí ọ̀rọ̀ Móradéyọ̀."
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí ló tún ṣe?

Mísìs Bíráwéètì tẹ́ ìwé ìṣirò sílẹ̀ níwájú mi
bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ tó ní àbàwọ́n.
Ìbéèrè kẹrin: ọkùnrin kan fẹ́ fẹsẹ̀ rìn sọdá etíkun wa,
máìlì mẹ́jọ, máìlì méjì ní wákàtí kan;
wákàtí mélòó ni yóò lò?
Gbogbo kíláàsì kọ mẹ́rin.
Ọmọ tèmi kọ pé:
"Ta ló bi iyanrìn léèrè?
Ó lè má débẹ̀ rárá."

Ó ní ọmọ náà ní làákàyè, ìyẹn kọ́ ni wàhálà.
Wàhálà ni pé ó ń kó ìpayà bá àwọn yòókù.
Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó tilẹ̀ bu tíì fún mi,
ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe di bírò pupa rẹ̀ mú
bí ẹni di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi mú nínú ìjì.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní Lánkásítà, lẹ́yìn ìsìn,
Díákónì Fátókùn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ọmọ mi béèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ẹja kò dá
tí ìkún omi kò fi pa á.
"Ẹ tètè gbàdúrà fún un," ló wí.
Àwọn tí kì í fohùn ṣọ̀kan lórí iyọ̀ ọbẹ̀,
orí ọmọ mi ni wọ́n ti pàdé.

Èmi náà ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́.
Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní,
"Kọ mẹ́rin. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ ni kí o kọ."
Kò bínú.
Ó kàn wò mí bí a ṣe ń wo fèrèsé
tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná inú rẹ̀.

Ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́
bàbá kan wà, Wílfírẹ́ẹ̀dì Dóbìsìn,
apẹdé ni nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e.
Aago mẹ́ta òru, mò ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì,
mo sọ ọ̀rọ̀ ìṣirò náà fún un bí àwàdà.
Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Èmi àti ọ̀pá mi la jọ rìn níbẹ̀ fún ogójì ọdún.
Ibi tí mo tẹ̀ lánàá, odò ti ṣí lọ síbẹ̀ lónìí.
Àbúrò mi ló mọ ọ̀nà.
Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ẹṣin rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.
Bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo la rí."
Ó mumi díẹ̀. "Mẹ́rin kẹ̀!" ló wí, ó sì sùn.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bàbá mi a máa wí ní Ìkìrun,
àmọ́ kò sọ fún mi pé ibì kan wà
tí wọ́n ti ń fi bírò pupa fa ìlà sọ́rùn ẹni tó béèrè.

Lánàá, a lọ sí etíkun, èmi pẹ̀lú rẹ̀.
Omi ti fà sẹ́yìn tí a kò fi rí i mọ́,
iyanrìn ń dán bí ìdí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Ó ṣa igi kan, ó fi gún ilẹ̀, ó tẹ́tí.
"Dádì, ṣé ó máa gbà wá?"
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dáhùn ní ìlú yìí,
fún àwọn oníwèé ìgbélùú, fún nọ́ọ̀sì àgbà,
ìdáhùn kún àpò mi bí owó ẹyọ.
Mo fọwọ́ wá a. Kò sí.
"N kò mọ̀," ni mo wí.
Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu mi, ó tutù, ó ní iyọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ihò náà ń kún fún omi, díẹ̀díẹ̀,
àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀, à ń wò ó.